Bí a ṣe ń ṣe ìjábọ̀ wíwà nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ Zabbix

Ní ìparí oṣù kan, ọ̀gá mi ní kí n mú ìwé wá tí yóò fi hàn bí ìsopọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ọ́fíìsì wa ṣe wà sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ti fọwọ́ sí i pé kò ní kéré sí 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣí Zabbix, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo fa àròpín oṣù náà jáde, ó fún mi ní 95.83, mo sì fi ìgboyà kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn onílé-iṣẹ́ náà dé pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tiwọn, wọ́n ní 99.86 ni. Mo rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Nígbà tí a jókòó ti àkọsílẹ̀ náà ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, àwọn ni wọ́n jàre. Zabbix kò parọ́ fún mi. Èmi ni n kò mọ ohun tí nọ́ńbà tí mo fà jáde ń kà.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àbójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí wọ́n sì máa ń bi í léèrè bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ṣe sí ní oṣù tó kọjá tàbí ní ọdún tó kọjá. Zabbix ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni mo ń lò lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́: Alexei Vladishev, ará Latvia, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ẹ̀dà 7.0, tó jáde ní 2024, ni àwọn mẹ́nù tí mo dárúkọ bá mu, PostgreSQL sì ni database tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tó bá wà lójú ẹ̀rọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀, kí ẹ lè dá a mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá a.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń kà gan-an

Wíwà, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní uptime lẹ́nu, kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ kọ ìtumọ̀ tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Nínú Zabbix, item (ohun kan tí Zabbix ń yẹ̀ wò lára ẹ̀rọ) tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni icmpping, tó wà nínú template (àkójọ item tí a lè so mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ) tí wọ́n ń pè ní ICMP Ping. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, server Zabbix yóò rán fping, ètò kékeré tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, níṣẹ́, fping yóò sì ju pákẹ́ẹ̀tì (ẹyọ dátà kékeré) mẹ́ta sí ráọ́tà ẹ̀ka náà. Bí ẹyọ kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí èsì gbà, Zabbix yóò kọ 1. Bí kò bá sí èyí tó dáhùn rárá, yóò kọ 0. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí dáadáa: ìsopọ̀ tó ń pàdánù méjì nínú pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ṣe ìpè fídíò tàbí kó fi ṣí ojúewé báńkì, 1 ni yóò máa gbà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nítorí náà, bí àdéhùn yín bá sọ̀rọ̀ nípa bí ìsopọ̀ ṣe dára tó, ìjábọ̀ wíwà nìkan kò lè gbè yín. Ẹ ní láti fi icmppingloss, tó ń ka ìdá pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù nínú ọgọ́rùn-ún, àti icmppingsec, tó ń ka bí èsì ṣe pẹ́ tó kó tó dé, kún un.

Àyẹ̀wò kan ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 1,440 lójúmọ́, àti 43,200 ní oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Mo máa ń kọ iye wọ̀nyí sórí bébà kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún máa ń tan ojú jẹ. Nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, 99 gba ìsopọ̀ láyè láti já fún wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 12, 99.5 gbà á láyè fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36; 99.9 kò ju ìṣẹ́jú 43 àti ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ. Ọ̀gá tí ẹ bá sọ 99.5 fún yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé ọ́fíìsì jókòó fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò dìde dúró. Ọ̀rọ̀ kan náà sì ni méjèèjì. Ẹ máa kọ ìṣẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo ìjábọ̀ tí ẹ bá ṣe.

Ibi tí àkọsílẹ̀ wà, àti ọ̀fìn tó wà níbẹ̀

Ibi méjì ni Zabbix ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Èkíní ni history, níbi tí gbogbo 0 àti 1 ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò tí wọ́n dé. Èkejì ni trends, níbi tí odidi wákàtí ti ń di ìlà kan ṣoṣo: iye tó kéré jù, àròpín, iye tó pọ̀ jù, àti iye àyẹ̀wò tó wọlé láàárín wákàtí náà. History máa ń wúwo. Item kan tí a ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yóò kọ ìlà 525,600 sínú rẹ̀ lọ́dún, nígbà tí ìlà 8,760 péré yóò wọ trends. Ìdí nìyí tí Zabbix fi ń tètè pa history rẹ́: ẹ̀dà 7.0 fún item tuntun ní ọjọ́ 31, àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú fún un ní 90, trends sì máa ń wà fún ọjọ́ 365 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Ìjábọ̀ oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, inú trends nìkan ni ẹ ti lè rí i.

Ibẹ̀ náà ni mo ti jìn sí ọ̀fìn. Item icmpping jẹ́ nọ́ńbà odidi, tábìlì tí àròpín rẹ̀ sì ń wọ̀ ni trends_uint, tí kò gba ohunkóhun tó ní dẹ́símà. Ẹ jẹ́ ká wo wákàtí kan. Láàárín aago mẹ́wàá sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ìsopọ̀ já fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, Zabbix sì kọ 1 ní ìgbà 56 àti 0 ní ìgbà 4. Àròpín tòótọ́ jẹ́ 0.93. Ṣùgbọ́n nígbà tí wákàtí náà bá parí, ohun tó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà yóò di gígé dànù, ohun tó sì wọ tábìlì ni 0. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti jẹ odidi wákàtí. Àwọn tó ṣe Zabbix kò fi èyí pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn pé àròpín 0 àti 1 fún irú item bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ 0, kì í ṣe 0.5. Èmi ni n kò kà á.

Ní oṣù tí mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn yẹn, ìsopọ̀ náà já ní ọgbọ̀n ìgbà, ìṣẹ́jú méjì-méjì, ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ nínú 43,200, ìyẹn 99.86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n wákàtí ni trends_uint kọ 0 sí nínú 720, ìyẹn sì ni 95.83 tí mo gbé lọ bá ọ̀gá mi.

Bí ẹ ṣe lè gba oṣù tó ti kọjá là

Bí history oṣù tí ẹ ń wá bá ṣì wà, kò sí wàhálà: ẹ ka iye 1 inú history_uint, ẹ fi iye gbogbo àyẹ̀wò pín in, ó parí. Bí history bá ti lọ, gbogbo nǹkan kò tíì bàjẹ́, nítorí pé trends_uint ṣì ń sọ ohun méjì tó jẹ́ òótọ́. Wákàtí tí iye tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ 1 pé láìsí àbùkù. Wákàtí tí iye tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ 0 já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn wákàtí tó wà láàárín nìkan, tí 0 àti 1 jọ wà nínú wọn, ni àròpín wọn ti bàjẹ́, fún àwọn yẹn ni a ó sì ti ké sí icmppingloss. Òun jẹ́ nọ́ńbà tó ní dẹ́símà, inú tábìlì trends ni àròpín rẹ̀ ń lọ, kò sì sí ohun tí wọ́n gé kúrò lára rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú tí ìsopọ̀ bá já, icmppingloss jẹ́ 100. Nínú wákàtí tí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá já, àròpín rẹ̀ yóò sún mọ́ 6.67, èyí tó fi 93.33 sílẹ̀ fún wa.

Àṣẹ tí mo ń lò fún PostgreSQL nìyí, fún oṣù kẹfà ọdún 2025:

SELECT h.name AS eka,
       sum(p.num) AS ayewo,
       round((sum(p.num * CASE
                WHEN p.value_min = 1 THEN 100
                WHEN p.value_max = 0 THEN 0
                ELSE 100 - l.value_avg END)
              / sum(p.num))::numeric, 2) AS wiwa
FROM hosts h
JOIN items ip ON ip.hostid = h.hostid AND ip.key_ = 'icmpping'
JOIN items il ON il.hostid = h.hostid AND il.key_ = 'icmppingloss'
JOIN trends_uint p ON p.itemid = ip.itemid
JOIN trends l ON l.itemid = il.itemid AND l.clock = p.clock
WHERE h.status = 0
  AND p.clock >= extract(epoch FROM timestamptz '2025-06-01 00:00 Africa/Lagos')
  AND p.clock < extract(epoch FROM timestamptz '2025-07-01 00:00 Africa/Lagos')
GROUP BY h.name
ORDER BY wiwa;

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ kíyè sí nínú rẹ̀. Mo fi num, iye àyẹ̀wò inú wákàtí, sọ àròpín di oníwọ̀n, kí wákàtí tí àyẹ̀wò márùn-ún péré wọlé nínú rẹ̀ má bàa ní agbára kan náà pẹ̀lú èyí tó ní ọgọ́ta. Mo fi ìdá wíwà tó kéré jù sókè, nítorí pé ẹ̀ka tó ń dùn wá ni a fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ẹ̀kẹta, 100 tí a bá yọ pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù kúrò nínú rẹ̀ kì í sábà ga ju òtítọ́ lọ, nítorí pé wákàtí tí pákẹ́ẹ̀tì ń jò nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ìsopọ̀ já pátápátá yóò pàdánù díẹ̀ sí i. Ẹ kọ èyí sí abẹ́ ìjábọ̀ náà ní gbólóhùn kan, pé fún àwọn wákàtí tí ìsopọ̀ fi já tó sì padà wá, ìṣirò tó sún mọ́ òtítọ́ ni a lò. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹni tí ẹ ń bá ṣe àríyànjiyàn yóò bá yín sọ ọ́.

Ojú database nìkan ni ẹ lè lo àṣẹ yìí, orúkọ tó ní ẹ̀tọ́ láti kà nìkan láìní ẹ̀tọ́ láti yí nǹkan padà ni kí ẹ sì fi wọlé síbẹ̀. Bí wọn kò bá fún yín láyè dé database, trend.get inú API Zabbix, ọ̀nà tí ètò mìíràn fi ń béèrè dátà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kó àwọn nọ́ńbà kan náà wá fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe ìṣirò náà fúnra yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe lónìí fún ìjábọ̀ ọdún tó ń bọ̀

Ìgbàlà tí mo ṣàlàyé lókè yìí, ti ẹni tí ọ̀ràn ti ká mọ́ ni. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ ṣe item tuntun kan tí yóò máa gba èsì icmpping bó ṣe ń dé, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tó ní dẹ́símà. Ẹ lọ sí Data collection, lẹ́yìn náà Templates, ẹ wá template tí àwọn ráọ́tà yín ń lò, ẹ tẹ Items, kí ẹ sì tẹ Create item. Níbi Type, ẹ mú Dependent item. Níbi Master item, ẹ yan ICMP ping. Níbi Type of information, ẹ mú Numeric tí wọ́n kọ float sí lára. Fún Key, mo ń lo icmpping.wiwa, láìsí àmì ohùn, nítorí pé Zabbix kò gba lẹ́tà tó ní àmì níbẹ̀. Units ni %. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí abala Preprocessing, ẹ tẹ Add, ẹ mú Custom multiplier, kí ẹ sì kọ 100 sí iwájú rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, 1 yóò di 100, 0 yóò sì jẹ́ 0, àròpín wákàtí tí ìṣẹ́jú mẹ́rin já nínú rẹ̀ yóò sì wọ tábìlì trends gẹ́gẹ́ bí 93.33. Mo ti rí àwọn tó fi calculated item ṣe é, tí wọ́n ń lo last láti mú èsì tó dé kẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀ ọ́ fún ìdí kan: bí icmpping bá dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, last yóò máa tún èsì àtijọ́ sọ ní ogún ìgbà, yóò sì dà bí ẹni pé ìsopọ̀ wà. Dependent item kì í sọ̀rọ̀ àfi bí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Fún History, ọjọ́ 31 tó. Fún Trends, mo ń kọ 1825d, ìyẹn ọdún márùn-ún. Kò náni ní nǹkan: ìlà kan nínú trends kò ju nǹkan bí báìtì 90 lọ, nítorí náà ọdún kan fún ẹ̀ka kan kò tó mẹ́gábáìtì kan. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ Administration wò, lábẹ́ Housekeeping: bí ẹnikẹ́ni bá ti fi àmì sí Override item trend period, iye tó wà níbẹ̀ ni Zabbix yóò tẹ̀ lé fún gbogbo item, 1825d tí ẹ kọ yóò sì di asán láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí template. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ template lára ráọ́tà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ara wọn: Unlink, àti Unlink and clear. Èkíní ń tú ìdè nìkan, item àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò kù sílẹ̀ lórí ráọ́tà. Èkejì ń pa item rẹ́ pẹ̀lú gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá fẹ́ ṣe ìmọ́tótó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó tẹ èkejì fún ẹ̀ka mọ́kànlá, àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án sì lọ. Ìgbà tí ìjábọ̀ ọdún dé ni a tó mọ̀.

Àlàfo kì í ṣe jíjá

Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, server Zabbix fúnra rẹ̀ máa ń kú nígbà mìíràn. Ní àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sí 0, kò sí 1, òfìfo ni. Àṣìṣe méjì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe níbí. Àwọn kan á ka òfìfo sí jíjá, wọ́n á sì máa bá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì jà nítorí ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn. Àwọn mìíràn kì í kíyè sí òfìfo rárá, wọ́n á kọ 100 fún oṣù tí ìdajì rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ìdí nìyí tí òpó ayewo fi wà nínú àṣẹ mi. Oṣù kẹfà yẹ kí ó ní 43,200. Bí mo bá rí 41,000, ohun tí mo máa ń kọ ni pé àyẹ̀wò 2,200 kò sí, pé n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn, àti pé àwọn tó wà ni mo fi ṣe ìṣirò. Bí ohun tó sọnù bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, n kì í fi ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn àdéhùn.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ìgbà tí server wà láàyè ṣùgbọ́n tí ìsopọ̀ orí ọ́fíìsì tó wà nínú rẹ̀ já. Nígbà náà, gbogbo ẹ̀ka ni yóò dà bí ẹni pé ó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi icmpping sí ojú ọ̀nà àbájáde tiyín náà, kí ẹ sì máa kọ́kọ́ wò ó: ìṣẹ́jú tí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 0, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹ̀ka kankan lẹ́bi. Bí owó bá wà, ẹ gbé server kékeré kan síta, kí ó máa wo àwọn ẹ̀ka láti ibòmíràn gẹ́gẹ́ bíi Zabbix proxy. Proxy máa ń kó èsì pamọ́ bí kò bá rí server, á sì fi ránṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá là.

Fún iṣẹ́ àtúnṣe tí a ti fi ọjọ́ sí, Zabbix ní Maintenance, ó sì ní oríṣi méjì. Nínú èyí tí kò gba dátà, àkókò àtúnṣe yóò di òfìfo. Nínú èyí tó ń gba dátà, àwọn 0 yóò máa wọlé bí ìṣe wọn. Èyí tó ń gba dátà ni mo fẹ́ràn. Ó sàn kí n yọ wákàtí àtúnṣe kúrò nínú ìṣirò fúnra mi, kí ẹ̀rí sì wà nílẹ̀, ju kí àkọsílẹ̀ má sí rárá nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ wákàtí kan di ti wákàtí márùn-ún.

Wákàtí iṣẹ́ àti aago

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò bìkítà bí ìsopọ̀ bá já ní aago mẹ́ta òru. Láti ka ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì nìkan, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ìlà méjì yìí kún apá WHERE:

  AND extract(isodow FROM to_timestamp(p.clock) AT TIME ZONE 'Africa/Lagos') <= 5
  AND extract(hour FROM to_timestamp(p.clock) AT TIME ZONE 'Africa/Lagos') BETWEEN 8 AND 16

16 ni mo kọ, kì í ṣe 17, nítorí pé ìlà tí aago rẹ̀ jẹ́ 16 ló ń sọ̀rọ̀ nípa wákàtí tó parí ní aago márùn-ún. Database ń ka aago láti UTC, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ yípo ọdún. Kùtọnu bá Èkó dọ́gba, ṣùgbọ́n Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ẹ̀ka níbẹ̀, ẹ fi aago tirẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wákàtí tí wọn kò tíì ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ni ẹ ó máa kà sí wákàtí iṣẹ́.

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ka pọ̀ di àròpín kan. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án tó wà ní 100 lè bo èyí tó wà ní 90 mọ́lẹ̀, àpapọ̀ yóò sì jẹ́ 99, tó dára lójú ẹni tí kò sí ní ẹ̀ka náà.

Ìjábọ̀ tí Zabbix fúnra rẹ̀ ń ṣe

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí n kò lo Availability report tó wà lábẹ́ Reports. Ìdí ni pé trigger, ìyẹn òfin tó ń sọ ìgbà tí Zabbix yóò kéde ìṣòro, ni ìyẹn ń kà, kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Trigger tó wà nínú ICMP Ping kì í dún àfi bí àyẹ̀wò mẹ́ta tó tẹ̀ léra bá jẹ́ 0. Jíjá oníṣẹ́jú méjì kò lè jí i. Nítorí náà, nínú oṣù tí mo ti ń sọ láti òkè, tí ìsopọ̀ fi já ní ọgbọ̀n ìgbà, Availability report kọ 100 gbáko. Nọ́ńbà mẹ́ta láti ara ráọ́tà kan, nínú oṣù kan, nínú Zabbix kan ṣoṣo: 95.83, 99.86 àti 100.

SLA report (SLA ni àdéhùn lórí bí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ dára tó), tó wà lábẹ́ Services, dára ju ìyẹn lọ, ó sì ní ohun tí àṣẹ mi kò ní: ẹ lè kọ iye àdéhùn sí i, ẹ lè yan wákàtí iṣẹ́ lábẹ́ Schedule, ẹ sì lè yọ àkókò àtúnṣe kúrò lábẹ́ Excluded downtimes. Ṣùgbọ́n orí trigger kan náà ni òun náà dúró lé, kì í sì í ka ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dá service sílẹ̀. Ẹni tó bá dá a sílẹ̀ lónìí kò lè fi wo oṣù kẹfà. Ẹ dá a sílẹ̀ nísinsìnyí fún ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n bí àdéhùn yín bá ń ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ trigger ọ̀tọ̀ fún un tí 0 kan ṣoṣo lè jí, kí ẹ sì dínà mọ́ ìpè òru tí irú trigger bẹ́ẹ̀ lè máa rán sí fóònù yín.

Fífi ìjábọ̀ ránṣẹ́ láìfọwọ́kàn

Nígbà tí icmpping.wiwa bá ti ní oṣù kan nínú, ẹ ṣe dashboard kan, ẹ fi widget Top hosts sí i, kí òpó kìíní jẹ́ orúkọ ẹ̀ka, kí èkejì sì jẹ́ item yín, pẹ̀lú avg níbi Aggregation function, Trends níbi History data, àti Dashboard níbi Time period. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Reports, Scheduled reports, ẹ yan dashboard náà, kí Period jẹ́ oṣù tó kọjá, kí Cycle sì jẹ́ oṣooṣù. Zabbix yóò máa fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sí í-meèlì àwọn tí ẹ bá kọ orúkọ wọn sí i. Kó tó lè ṣiṣẹ́, Zabbix web service àti Google Chrome gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan, kí StartReportWriters inú zabbix_server.conf má jẹ́ 0 tí wọ́n fi sí i láti ilé, kí WebServiceURL sì tọ́ka sí pọ́ọ̀tì 10053 ẹ̀rọ náà. Lọ́dọ̀ mi, StartReportWriters ló jẹ́ kí n jókòó fún odidi ọ̀sán kan.

Kí PDF àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ rántí pé ìsopọ̀ já, tí history rẹ̀ ṣì wà. Ẹ ṣí Monitoring, Latest data, ẹ tẹ Graph lẹ́gbẹ̀ẹ́ icmpping ẹ̀ka náà, ẹ yí i sí Values, ẹ yan ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì fi ìka ka àwọn 0. Bí ẹ bá ka mẹ́tàdínlógún, àyẹ̀wò 1,423 nínú 1,440 ló yè, ìdá wíwà ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 98.82. Bí dashboard bá sọ ohun mìíràn fún ọjọ́ kan náà, ẹ padà sí ibi Type of information, kí ẹ wò ó bóyá float ni ẹ mú lóòótọ́.